Bí A Ṣe Gbé Òkúta Kàbbà Dé Àkírà

Okun o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ́ kiri ọjà Kàbbà pé Ìyá Dúpẹ́ ti sá lọ fẹ́ ọkọ ní Gánà. Mo ti dé. Mi ò fẹ́ ọkọ kankan. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń rọra sọ̀rọ̀ jù. Ọkùnrin tí mo bá bú tí kò ní bú mi padà, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ike ni mo ń tà, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi: abọ́, garawa, kẹ́ẹ̀gì, agbọ̀n tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo lọ, mi ò sì lọ dé ìparí rẹ̀. Tíṣà Fọlákẹ́ ló ní kí n kọ ìrìn-àjò yìí sílẹ̀, ó ní bí mo bá ń fi ẹnu sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni yóò máa gùn sí i. Òótọ́ ló sọ. Ó ti bá mi tún àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mi.

Ìdí tí wọ́n fi mú mi

Tíṣà Fọlákẹ́ yìí, ọmọ ilé wa ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé lọ́jọ́ iṣẹ́. Tó bá di Sátidé, á kó irú àwọn ọmọ kan jọ, àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í kó jọ àfi tó bá fẹ́ rán wọn níṣẹ́. Èyí ń ta omi inú ọ̀rá ní gáréèjì, èyí ń fọ́ òkúta fún àwọn akọ́lé, èyí ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan tó ń wo ẹnu rẹ̀ bó bá ń jẹun. Ó ń kọ́ wọn ní eré ṣíṣe. A máa ń gbọ́ ariwo wọn láti ọjà, a sì máa ń rẹ́rìn-ín pé tíṣà yìí kò rí ọkọ fẹ́ ló ṣe ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Àfi bí ilé eré ńlá kan ní Àkírà ṣe ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀. Gbogbo ọdún ni ilé eré náà máa ń pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ìlú oríṣiríṣi, wọ́n á ṣeré lórí ìtàgé tí àwọn òṣèré gidi ń lò. Lẹ́yìn eré, ìyá tó ni ilé náà á mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn pé kó dúró, kó kọ́ṣẹ́, kó máa lọ sílé ìwé, kó máa jẹ, kó máa sùn lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn òbí ní Tíṣà Fọlákẹ́ kéré jù láti kó ọmọ kọjá ẹnubodè. Wọ́n ní kí wọ́n fi àgbà kan tì í, àgbà tó mọ̀ ọ́n jà. Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Mo bínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ ra bàtà.

Rẹ̀mí ni ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmọbìnrin tó tinrin, tó ga, tí ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ bíríkìlà, nítorí pé òkúta ló ń fọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ayewa ló ń gbé, àwọn méjèèjì nìkan. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ní Àbújá ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá mú un, pé obìnrin kan ń wá ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá àgbà ti gbà, torí pé oúnjẹ ò tó jẹ. Ó wá sọ fún mi pé, “Bí àwọn ará Àkírà bá mú un, kó dúró síbẹ̀. Bí wọn ò bá mú un, ẹ tètè dá a padà kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ má bàa dé kó bá ilé lófìfo.”

Rẹ̀mí fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi nínú ọkọ̀, kí a tó dé Ọ̀wọ̀ pàápàá.

“Màmá, bí wọn ò bá mú mi, Àbújá ni. Wọ́n ti sọ fún mi pé ilé náà ní àtẹ̀gùn méjì tí màá máa fọ̀.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ọ̀la ni ọjọ́ ọjà. Mo ní kó jẹ àkàrà ọwọ́ rẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ọ̀hún sílẹ̀.

Òkúta tó ti kọ́ eré

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú eré tí wọ́n ń ṣe, torí pé òun ló kó bá wa ní ẹnubodè. Ìyá arúgbó kan ń fọ́ òkúta fún ilé tí wọ́n ń kọ́, kò sì mọ ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀. Rẹ̀mí ni ìyá arúgbó náà. Àwọn ọmọ tó kù á máa gbá òkúta mọ́ òkúta, wọ́n á fi máa gbe orin. Òkúta náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ṣà lójú ọ̀nà. Ìdírísù, ọmọ Alhaji tó ń ta obì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa kó tó kú, òun ló ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tó ń gbọ́ ohùn wọn. Àpò kan ni. Ó wúwo ju èmi lọ.

Nígbà tí a dé ẹnubodè, ọ̀gá aṣọ́bodè ti ọwọ́ bọ inú àpò, ó fa ọ̀kan yọ, ó wò ó.

“Kí lèyí?”

“Òkúta ni, sà.”

“Mo rí i pé òkúta ni. Ẹ gbé òkúta láti Nàìjíríà? Ta ló sọ fún yín pé a ò ní òkúta níbí?”

“Ẹ ní, sà,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n tiyín ò tíì kọ́ eré.”

Ó wò mí. Mo wò ó. Ìdírísù bá gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá wọn pọ̀, ko-ko-kó, ko-kó, àwọn ọmọ sì gbe orin lójú títì níbẹ̀, láàárín àwọn tírélà. Ọkùnrin náà pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọjá. Òun gan-an ló bá wa gbé àpò náà padà sínú ọkọ̀, ó sì ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn ẹnubodè, àwọn èèyàn gbọ́ Yorùbá títí dé ibì kan, lẹ́yìn náà wọ́n yí i sí Faransé láàárín ọ̀rọ̀ láì kìlọ̀ fún èèyàn. Epo ọkọ̀ ni wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ó pọ́n, ó ń dán nínú oòrùn. Ìdírísù rò pé oyin ni. Ó ní òun fẹ́ ra ìgò kan fún ìyá òun.

Obìnrin tó ń tà á gbọ́ Yorùbá, ó sì lẹ́nu. Ó ní, “Ọmọ, bí ìyá ẹ bá mu èyí, kò ní wọkọ̀ mọ́ láyé. Á kàn máa sáré.”

Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Ì bá ṣe pé ọjà wa ni ó ti ń tajà, à bá ti jà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Nígbà tí a dé Lomé, ọ̀nà ń lọ lẹ́bàá omi ńlá gan-an. Kò sí ọmọ kankan nínú wọn tó rí i rí. Àwọn ọmọ tí ariwo wọn ti ń fọ́ mi lórí láti Kàbbà rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan náà. Rẹ̀mí fi iwájú orí mọ́ fèrèsé.

“Màmá, ta ló ń ti omi yẹn?”

Mo ní kó lọ bi tíṣà. Tíṣà ní kí ó jẹ́ kí òun ronú. Títí di òní, kò tíì ronú tán.

Àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó kọ̀

Ìyá tó ni ilé eré ní Àkírà, Madam Èfúà ni wọ́n ń pè é. Àgbàlagbà ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ọkùnrin, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ tẹ etí sí i. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Tíṣà Fọlákẹ́ ń túmọ̀ fún wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀. Ó fà wọ́n dìde. Wọ́n tún kúnlẹ̀. Ó fa èyí dìde, èyí ń lọ sílẹ̀, bí ẹni ń tẹ tìmùtìmù. Ìdírísù ní tirẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráàyè kọjá, títí ìyá náà fi béèrè lọ́wọ́ tíṣà bóyá ara ọmọ náà kò yá ni.

Àwọn èèyàn ibẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ wọn pọ̀. Wọn ò lè sọ ọ̀rọ̀ kan láì fi “jọ̀ọ́” sí i. Mo wọ ọjà wọn, mo lọ wo ike, ẹ mọ̀ pé mi ò ní ṣàì wò ó. Mo ná abọ́ kan, obìnrin tó ń tà á ní, “Jọ̀ọ́, rárá.” Mo dín owó mi kù, ó ní, “Jọ̀ọ́, kò gbà.” Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ti ń nájà láti ìgbà tí mo ti dàgbà, ẹnikẹ́ni ò tíì fi ìwà tútù na mí báyẹn rí.

Ní ilé tí wọ́n fi wá sí, aládùúgbò kan kan ilẹ̀kùn lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní jọ̀ọ́, òun gbọ́ pé à ń jà, ṣé kí òun wá bá wa parí rẹ̀? A ò jà. Ọṣẹ ni à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Wọ́n gbé kẹ́nkẹ́ wá, ó wà nínú háhá àgbàdo, ó kan. Àfi bí ẹ̀kọ tí wọ́n bú tó sì ń bínú. Àwọn ọmọ wò mí bóyá màá jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́. Wọ́n fi ẹja dídín sí i àti ata dúdú kan tó dà bíi gíríìsì, mo sì sọ ọ́ níwájú gbogbo yín pé ata náà dùn. Mo mú ìgò kan bọ̀. Ẹ má wá tọrọ rẹ̀.

Ohun tó ń rí mi lára jù ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Ní Kàbbà, bí mo bá kọjá ìta mẹ́ta, èèyàn mẹ́wàá á ti kí mi, márùn-ún á ti bú mi. Níbẹ̀, mo ń rìn, kò sẹ́ni tó kí mi, kò sẹ́ni tó bú mi. Mo wo ojú ara mi nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan kí n lè rí ẹni tí mo mọ̀.

Òkúta fóòmù

Ìtàgé náà tóbi. Pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n kùn ún dúdú, iná sì so sókè bí èso. Bí Ìdírísù ṣe da àpò òkúta rẹ̀ sílẹ̀, ọkùnrin tó ń mójú tó ilẹ̀ pákó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní jọ̀ọ́, pákó òun! Ó wọ yàrá kan lọ, ó gbé òkúta mìíràn jáde, tó tóbi tó orí màlúù, ó fi ìka méjì gbé e. Fóòmù ni, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Ìdírísù gbé ọ̀kan lórí, ó ní òun ti di akọ́lé ńlá. Rẹ̀mí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Èyí kò wúwo,” ló wí. “Báwo ni màá ṣe gbé e?”

Madam Èfúà ní kí tíṣà sọ fún un pé iṣẹ́ òṣèré nìyẹn. Òkúta gidi, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e kó rẹ̀ ẹ́.

Wọ́n jẹ́ kí Ìdírísù jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú òkúta gidi rẹ̀, orí kápẹ́ẹ̀tì, kó máa gbá a. Rẹ̀mí wà níwájú pẹ̀lú fóòmù. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó dà bí ẹni ń gbé ìrọ̀rí. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ dúró ní igun, ó wo òkúta náà pẹ́, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ náà. Nígbà tó padà wá gbé e, ó kọ́kọ́ tẹ orúnkún, ó yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mí, ó wá gbé e mọ́ ikùn, èjìká rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde lórí àga mi.

“Ẹ ràn án lọ́wọ́ ná!” ni mo ké.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Madam Èfúà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá wo Rẹ̀mí, ó wò ó pẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ kan tíṣà. Tíṣà ti rí i.

Lẹ́yìn ìdánrawò, wọ́n bẹ̀ mí pé jọ̀ọ́, lọ́jọ́ eré, kí n má sọ̀rọ̀. Mo ṣèlérí.

Ọjọ́ eré

Ìrọ̀lẹ́ ni. Ilé náà kún, aṣọ tí àwọn èèyàn wọ̀ dára, wọ́n jókòó bí ìgbà tí àlùfáà bá wọlé. Ẹnì kan kéde pé kí wọ́n ti fóònù pa, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Wọ́n pa iná, ó ku ẹyọ kan lórí ìtàgé, funfun, ó ń fọ́ni lójú.

Rẹ̀mí wọlé. Ẹ mọ bí eré wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde á kí ilé pé okun o, ilé á dáhùn pé okun, eré á bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ wa kankan tó tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́nà mìíràn. Nígbà ìdánrawò, èmi àti tíṣà la máa ń dáhùn láti orí àga. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún Rẹ̀mí pé ti òní yàtọ̀.

Ó dúró nínú iná náà, ó tẹ̀ bí arúgbó.

“Okun o, gbogbo ilé!”

Kẹ́kẹ́ pa. Àwọn tó jókòó náà ò mí pàápàá. Wọ́n rò pé ara eré ni.

Mo ya ẹnu láti dáhùn. Tíṣà di ọwọ́ mi mú gírígírí. “Màmá, ẹ ṣèlérí.”

“Okun o!” ni Rẹ̀mí tún wí.

Ẹnì kan wúkọ́. Ọmọ náà dúró. Àtẹ̀gùn méjèèjì Àbújá ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé òun náà ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Ìdírísù kò lè gbá òkúta, torí pé ilé ò tíì dáhùn.

Rẹ̀mí bá jáde kúrò nínú iná. Ó wá sí etí ìtàgé, ó fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sáàárín àwọn èèyàn. Iná ń wá a kiri, ó ṣẹ́jú sọ́tùn-ún, ó ṣẹ́jú sósì. Ó lọ sí iwájú baba kan tó hewú lórí ìlà àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀.

“Okun o, baba.”

Baba wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí. Rẹ̀mí kò dìde. Ó dúró lórí orúnkún bí ẹni tó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀hún.

“O-kun?” ni baba wí, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

“Ẹ ṣé, baba.” Ó kọjá sọ́dọ̀ ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá náà ti gbọ́n, ó dáhùn kíákíá. Èyí tó tẹ̀ lé e na ọwọ́ sí i, Rẹ̀mí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, kò fo ẹnikẹ́ni. Iná ti rí i wàyí, ó ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi dé ìlà kejì, àwọn ti ẹ̀yìn ti ń dáhùn kó tó kí wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, obìnrin kan sì ń pè é láti òkèèrè pé òun náà wà níbí o.

Ó padà gun orí ìtàgé. Ó tẹ̀ padà sí arúgbó.

“Okun o, gbogbo ilé!”

Ilé dáhùn. Tíṣà tú ọwọ́ mi sílẹ̀, èmi náà dáhùn, mo pariwo. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ko-ko-kó, ko-kó.

Mi ò ní sọ bí eré ṣe lọ, mi ò rí i dáadáa, omijé ti bò mí lójú. Mo mọ̀ pé nígbà tó gbé òkúta fóòmù yẹn, baba tó hewú gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè lórí àga láì mọ̀.

Èsì

Lówùúrọ̀, Madam Èfúà pè wá síwájú ìtàgé. Ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ tò. Rẹ̀mí ló pè.

“Mo fi iná síbì kan. Kí ló dé tí o fi kúrò níbẹ̀?”

Tíṣà túmọ̀ rẹ̀.

“Wọn ò tíì dá mi lóhùn, mà.”

“Níbí, ẹni tó wá wòran kì í dáhùn.”

“Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n wà níbẹ̀, mà. Òkùnkùn ni mò ń rí. Mi ò lè ṣeré fún òkùnkùn.”

“Bí mo bá ní kí o dúró lójú kan lọ́la ńkọ́?”

Rẹ̀mí ronú. Inú bí mi pé ó ń ronú. Mo fẹ́ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mà, kíá, kó kúnlẹ̀ tì í.

“Màá dúró, mà. Ṣùgbọ́n kí ẹ bá mi sọ fún ẹnì kan kó dáhùn.”

Madam Èfúà bojú wo ilẹ̀ pákó náà. Ó wá sọ̀rọ̀ sí tíṣà, kò sọ ọ́ sí Rẹ̀mí, ohùn rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sún mọ́ wọn.

“Kò mọ bí èèyàn ṣe ń dúró sójú kan,” ni tíṣà túmọ̀. “Ó ní ìyẹn ni àwọn máa kọ́ ọ. Ó ní èyí tó kù…” Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò lè sọ ọ́ mọ́. Ìdírísù, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gáréèjì díẹ̀, ló parí rẹ̀: “Ó ní èyí tó kù, ó ti mọ̀ ọ́n. Rẹ̀mí, wọ́n mú ẹ!”

Ọmọ náà kò fò, kò ké. Ó yí sọ́dọ̀ mi. “Màmá, ta ló máa sọ fún ìyá àgbà mi?”

“Èmi ni,” ni mo wí. “Ta ni ìwọ ń retí?”

Ayewa

Nígbà tí a padà dé, mo lọ sí Ayewa kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó rí i pé èmi nìkan ni mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kò dìde.

“Ṣé wọ́n mú un?”

“Wọ́n mú un, Màmá.”

“Ṣé ó ń jẹun?”

“Ó ń jẹ ẹ̀kọ kan tó ń bínú. Ó fẹ́ràn rẹ̀.”

Ó bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. Mo bi í pé kí ni yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá Rẹ̀mí tó ń bọ̀ láti Àbújá. Ó ní òun ló bí onítọ̀hún, òun mọ ohun tí òun máa sọ fún un, kí n má fi ẹnu mi bá òun dá sí i. Ó wá dìde, ó wọ yàrá, mo ń gbọ́ tó ń tú nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jáde pẹ̀lú òòlù tí ọmọ náà fi ń fọ́ òkúta. Igi ọwọ́ rẹ̀ ti dán, ó ti tẹ̀ sí ibi tí ìka ń gbé.

“O ní ṣọ́ọ̀bù,” ló wí. “Bá mi tà á.”

Èmi kò ta òòlù rí láyé mi. Ike ni mò ń tà. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wúwo, mo gbé e sórí itan mi lórí ọ̀kadà títí dé Kàbbà. Ó wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, láàárín àwọn garawa. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wá. Mi ò ní dín owó rẹ̀ kù.